Ẹ̀rọ Ìṣirò Owó Orí Tí Kò Mọ Owó Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin

Yàrá Akọ̀wé,
Ilé Ìfọṣọ Funfun Báláú,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ńlá.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Owó Orí Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ilé Iṣẹ́ Owó Orí.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀RỌ ÌṢIRÒ OWÓ ORÍ YÍN LÓRÍ AYÉLUJÁRA ÀTI GBÈSÈ TÓ KÓ BÁ ÒṢÌṢẸ́ MÉJÌDÍNLÓGÚN

1. Èmi ni akọ̀wé tó ń ṣírò owó òṣìṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì wá bá mi jà pé owó òun dín.

2. Àwa mẹ́ta tí a wà ní ọ́fíìsì ń gbowó lóṣooṣù. Àwọn méjìdínlógún tó ń fọṣọ, tó sì ń lọ̀ ọ́, ń gbà á lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn tí à ń fọṣọ fún ṣe ń sanwó fún wa. Èyí jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹtàlá lọ́dún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejìlá.

3. Nígbà tí ẹ gbé ẹ̀rọ náà jáde lọ́dún tó kọjá, mo kọ́kọ́ dán an wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Mo fi bébà àti bírò ṣírò owó àwa mẹ́ta tó wà ní ọ́fíìsì: mo yọ owó ìfẹ̀yìntì kí n tó kan owó orí, mo ka iye ọmọ tí kálukú ń tọ́, mo sì lo àtẹ owó orí ti ọdún náà. Èsì ẹ̀rọ àti tèmi kò fi ohunkóhun yàtọ̀. Mo wá gbà á gbọ́ pátápátá. N kò rántí pé lára àwọn olówó oṣù nìkan ni mo ti dán an wò.

4. Nígbà tó kan àwọn yòókù, ẹ̀rọ náà béèrè bí wọ́n ṣe ń gbowó. Ọ̀nà mẹ́ta péré ló gbé kalẹ̀: ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, oṣooṣù. Mo pe ọ́fíìsì yín. Òṣìṣẹ́ yín ní kí n mú èyí tó bá sún mọ́ ọn jù. Mo kọ ọjọ́ àti aago rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Mo tẹ oṣooṣù. Ẹ̀rọ yín wá ka owó wọn sí ẹ̀ẹ̀mejìlá lọ́dún dípò ẹ̀ẹ̀mẹtàlá, ó ṣírò wọn bí ẹni tó tálákà ju bí wọ́n ṣe tálákà lọ, owó orí tí mo sì ń yọ kéré.

5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé yín dé pé kí n yọ gbogbo owó orí tó kù nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú owó ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Mo kà á fún wọn láàárín àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìyá tó ń ka aṣọ ibùsùn bú mi dáadáa.

6. Bàbá tó ń lọ aṣọ, tí a ń pè ní Bàbá Gbọnrangandan nítorí bí ṣòkòtò ṣe máa ń dúró lọ́wọ́ wọn, kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ojú ọ̀tún wọn ti ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni áyọ́ọ̀nù ti jó wọn lọ́wọ́ lọ́dún yìí. Iṣẹ́ abẹ ojú wọn yóò wáyé ní ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀, owó ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n yìí ni wọ́n sì fẹ́ fi san án. Kí wọ́n tó dá ọjọ́, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n béèrè iye tí yóò kù sí wọn lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ yín, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé kò séwu.

7. A kò sọ pé a kò ní san án. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a san án lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin kún ẹ̀rọ náà. Títí dìgbà náà, ẹ jẹ́ kó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

8. Bí òfin kò bá gba èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ gbèsè Bàbá nínú owó oṣù tèmi. Ìwé àṣẹ tí mo fọwọ́ sí wà nínú àpòòwé. Wọn kò mọ̀ pé mo kọ ọ́, ẹ má sì sọ fún wọn. Èmi ni mo sọ pé kò séwu.

Ẹ ṣeun. Mo ń retí èsì yín kí ọjọ́ owó tó pé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Akọ̀wé Owó Òṣìṣẹ́,
Ilé Ìfọṣọ Funfun Báláú.