Ìyá Mi, Ẹ Má Wọ Gíláàsì Náà Dé Títì

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Okun o. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Ìlú Ọba níbí. Dúpẹ́, àbúrò mi tó ń bá yín ka lẹ́tà, ẹ bá mi sọ fún un kó má fo ibì kankan. Mo mọ̀ ọ́n: bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, á ní ẹ̀gbọ́n òun tún ti gun orí àga ìwàásù, á sì bọ́ sí ibi ìkíni tó wà nísàlẹ̀. Tòní kì í ṣe ìwàásù. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Òtútù ibí yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun kì í fẹ̀yìn tì. Èmi tí mo fẹ̀yìn tì ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Kàbà, ilẹ̀ ni mo ń nù báyìí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú níṣẹ́. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ló bá mi wá iṣẹ́ náà, kí n má baà máa dá jókòó sílé bá ògiri sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí gíláàsì ojú tí mo fi rán bàbá ará Ayétòrò-Gbẹdẹ sí yín.

Ẹ rántí ohun tí mo sọ lórí fóònù: kámẹ́rà kékeré wà níwájú rẹ̀, ohun tí kámẹ́rà bá rí ni yóò sọ di ohùn sí yín létí. Èyí tó wà lókè á dún lóhùn òkè, èyí tó wà nísàlẹ̀ á dún lóhùn ìsàlẹ̀. Mo wá fi fáàrí kún un pé ẹ ò ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni mo ti kó gbólóhùn yẹn. Ó fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé fún wa pé ọpọlọ ló ń ríran, kì í ṣe ojú. Bó ṣe ń jáde, pẹ̀lú ojú méjèèjì tó là kedere, ó ti ẹsẹ̀ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mi.

Ìgbà tí gíláàsì yín ti lọ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán irú rẹ̀ wò. Mo fi aṣọ di ojú, mo wọ̀ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ẹyẹ ẹ̀gà bo orí igi. Nǹkan gíga kan dúró níwájú mi. Ẹ kò kúkú kọ́ mi kí n kọjá lára àgbà láìkí i. Mo tẹríba, mo kí i pé okun o. Igi tí wọ́n ń fi ẹ̀wù òtútù kọ́ ni. Bọ́sẹ̀, tó wá mú mi lọ sílé, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti pè mí láti ẹnu ọ̀nà. N kò gbọ́; ariwo gíláàsì ti gba etí mi. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ríran láti kékeré, tó sì mọ gíláàsì náà lò dáadáa. Ó ní ọ̀pọ̀ oṣù lòun fi kọ́ ọ, pé inú ilé lòun ti ń fi í wá ife àti fèrèsé. Bí òun bá ti dé títì, òun á bọ́ ọ sápò, òun á mú ọ̀pá òun. Ó bi mí pé ṣé etí mẹ́rin ni ìyá mi ní ni.

Lánàá ni Dúpẹ́ wá sọ lórí fóònù pé gíláàsì ti dé, pé ẹ ní lọ́jọ́ Ìsinmi yìí ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí ẹnikẹ́ni má di yín lọ́wọ́ mú. Nígbà tó jiyàn, ẹ ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Háà! Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, ìgbà wo lẹ gbọ́ tèmi rí? Àṣìsọ mi lẹ wá gbọ́. Mo ní kó fún yín ní fóònù, ẹ kọ̀, ẹ ní mo fẹ́ gba ẹ̀bùn yín padà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé, tí mo fi í ránṣẹ́ sórí fóònù Dúpẹ́, tí mo sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ọmọ mìíràn tó ń ra nǹkan ránṣẹ́ sílé lè kà á.

Ìyá mi, mo mọ títì yẹn. Tírélà kì í dúró, ọ̀kadà kì í wo ọjọ́ orí. Bí ẹ ṣe ń sọdá rẹ̀ látìgbà tí ojú ti lọ ni pé ẹ ó dúró, ẹ ó tẹ́tí, ẹ ó ní okun o. Ẹni tó bá wà nítòsí á dáhùn, á di yín lọ́wọ́ mú, ẹ ó ti inú ohùn rẹ̀ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ẹ ó bèèrè ìyá rẹ̀, kó sì tó dáhùn tán, ẹ ti dé òdì kejì. Èmi ni mo sọ ìyẹn di ohun ìtìjú fún yín. Ẹ foríjì mí.

Ẹ wọ gíláàsì náà ní ìjókòó, níwájú ilé, kí Dúpẹ́ máa gbé abọ́ lọ gbé abọ́ bọ̀ níwájú yín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

Kí Ọlọ́run bá wa dá etí yín sí. Ẹ bá mi kí àwọn ẹgbẹ́ àgbà obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí ará ilé tilé-toko. Dúpẹ́, bí ìsìn bá ti parí, pè mí: kí n gbọ́ ohùn ìyá mi, kí n sì gbọ́ ohùn ẹni tó mú wọn sọdá.

Èmi ọmọ yín, tó ń gbọ̀n, tí kì í sì í ṣe ti òtútù,
Olú.