Ọwọ́ Tí Bàbá Sàídì Àlàó Rí Láti Òkè

Agboolé Alápó nílùú Ẹdẹ ni wọ́n bí Bàbá Sàídì Àlàó sí ní ọdún 1958, ní ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ ń sáré àtigbin àgbàdo. Bàbá wọn ni Olóògbé Búráímọ̀ Àkànní, tó dáko lọ́nà Sekona títí ọjọ́ alẹ́. Ìyá wọn ni Olóògbé Ṣìfáwù Àbẹ̀kẹ́, tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà ni wọ́n. Àwọn àgbà ilé sọ pé kò sí igi kan ní àyíká náà tí Sàídì kò gùn, àti pé pàṣán ìyá wọn nìkan ló ń mú wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ilé kéú àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lọ pa pọ̀. Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní 1971, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Ní 1978 wọ́n lọ sí Èkó, wọ́n di lébìrà níléeṣẹ́ ìkọ́lé kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí táwà kireni, ẹ̀rọ onírin gíga fíofío tó ń na apá sórí ilé, tó ń fi ìkọ́ gbé irin àti kọnkéré láti ilẹ̀ lọ sí àjà kẹwàá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé àwọn dúró sójú kan pẹ̀lú agbada kọnkéré lórí, àwọn ń wo òkè, títí fóòmànù fi wá gba orí àwọn lọ́wọ́ ẹrù.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn gùn ún lọ́jọ́ kejì. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi jẹ́ rígà nílẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ tó sì ń fi ọwọ́ júwe fún opérétọ̀, nítorí ẹni tó wà lókè kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í rí ẹ̀yìn ẹrù tó ń gbé. Nígbà tí wọ́n gun òkè tán, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó kún dẹ́múdẹ́mú ni ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ ní kí wọ́n máa fi ìkọ́ gbé láti igun ọgbà kan dé èkejì. Bí omi bá ta sílẹ̀, wọn a tún un ṣe. Oṣù mẹ́rin ni omi fi ń ta sílẹ̀.

Òfin méjì ni ọ̀gá náà fi lé wọn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni opérétọ̀ ń gbà pé kó darí òun, rígà rẹ̀ náà nìyẹn. Èkejì ni pé àmì ìdúró kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, tó dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, tó ń fì wọ́n síwá sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ wèrè, kí opérétọ̀ dúró. Ìgbà tó bá dúró tán ni yóò tó béèrè ìdí. Bàbá mọ òfin yìí bí wọ́n ti mọ Fátíà.

Ní 1984, wọ́n fẹ́ Fàtímọ̀ Àdùkẹ́, ọmọ Ẹdẹ náà, tó ń ránṣọ. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta ìgbéyàwó náà lọ́rẹ. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ Bàbá lẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn. Bí ìtàn Èkó bá ti ń gùn jù lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá a na ọwọ́ méjèèjì láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ wọn, wọn a máa fì wọ́n síwá sẹ́yìn. Bàbá a dákẹ́ wẹ́lo láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ a bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ ilé náà tí kò mọ àmì ìdúró kó tó mọ ABD.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi jókòó sínú yàrá onígíláàsì kékeré tó wà lókè kireni, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá. Àárọ̀ ni wọ́n ń gun àkàbà pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ àti gálọ́ọ̀nù òfìfo, wọn kì í sì í sọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí gálọ́ọ̀nù náà wà fún, ẹ̀yin àgbà ti mọ̀. Orí ìjókòó ni wọ́n ń kírun sí. Títí di ọdún 2011, wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí.

Láti ọdún 2000 ni Bàbá Samuel Ìyàndá, ọmọ ìlú Ara, ti jẹ́ rígà wọn. Bàbá ló fúnra wọn kọ́ Bàbá Ìyàndá níṣẹ́. Bí ọdún Iléyá bá dé, ilé wa ni Bàbá Ìyàndá ti ń jẹun. Bí Kérésì bá dé, gbogbo wa a kọrí sí Ara. Ní 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé alájà mẹ́jọ kan lọ́nà Sekona, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pè. Táwà kireni àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fojú rí nílùú yìí nìyẹn. Ọlọ́kadà a dúró wòran, oníkẹ̀kẹ́ a gbàgbé èrò. Wọn a ní, "Ọmọ Alápó ló wà lókè yẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ń dé etí Bàbá, ó sì ń dùn mọ́ wọn nínú ju bó ti yẹ lọ.

Ibí yìí ni irú ìwé ìrántí báyìí ti máa ń fò lọ sórí iṣẹ́ rere olóògbé. Àwọn ọmọ kò ní fò ó. Ojú ń tì wọ́n bí wọ́n ti ń kọ ọ́, ojú ń ti Ìyá wọn jù wọ́n lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2011, ni Qúdrát, ọmọ wọn, bí Aqeelah, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́. Ìyá kò lè fara dà á di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ láti lọ sọ fún Bàbá. Wọ́n dúró níbi páànù tí wọ́n fi ṣe ọgbà, ní apá ìwọ̀ oòrùn, láàárín èrò ìwòran. Ìdì irin kan ń lọ sókè lọ́wọ́. Bàbá Ìyàndá wà ní apá ìlà oòrùn, wọ́n ń júwe pé kó máa gòkè. Ṣéènì méjì ló di irin náà mú, èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ Ìyá sì ti ń yọ̀ lọ sí etí ìdì náà díẹ̀díẹ̀. Bàbá Ìyàndá kò lè rí i láti ibi tí wọ́n wà. Ẹrù lè yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n so jù lọ. Ìdí tí àmì ìdúró fi wà nìyẹn.

Ìyá na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń fì wọ́n síwá sẹ́yìn. Bàbá rí wọn.

Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo ayé ni pé àwọn kò rí àmì kankan. Nígbà tó yá, wọ́n ń tan ara wọn pé bóyá ayọ̀ ọmọ tuntun ni ìyàwó àwọn ń yọ̀. Ìgbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ni wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn mọ àmì náà dájú. Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe sí wọn nílé ni? Ṣùgbọ́n èrò ń wòran níta, ohun tó sì sọ sí wọn lọ́kàn ni pé, "Ṣé ìyàwó mi ló máa wá dá mi dúró lójú gbogbo Ẹdẹ?" Wọ́n jẹ́ kí ẹrù máa gòkè. Kò ju kí ènìyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Irin yọ̀, ó já bọ́, ó ba Bàbá Ìyàndá léjìká àti lápá ọ̀tún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, máníjà pe Bàbá, ó ní ṣé ẹnikẹ́ni fi àmì ìdúró hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Rárá, ọ̀gá, kò sí." Ó wá bi Ìyá náà ní ohun tí wọ́n rí. Ìyá wo ojú ọkọ wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yìn ni mo kọ síbẹ̀." Iléeṣẹ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé rígà ni kò so ẹrù dáadáa. Orí ibùsùn ọsibítù ni ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ti bá Bàbá Ìyàndá. Apá náà kò gòkè mọ́ títí di òní. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ wọ́n ní Ìyàndá Jábọ́, kò sì síléeṣẹ́ tó gbà wọ́n, kódà fún iṣẹ́ géètì.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá kò na ọwọ́ sí Bàbá nílé mọ́. Bàbá lè sọ ìtàn Èkó títí oúnjẹ á fi tutù. Àwọn ọmọ rò pé àgbà ló dé sí àwọn méjèèjì.

Ní 2012, Bàbá ní òòyì ń kọ́ àwọn, wọn kò gun kireni mọ́. Ní 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ àmì ọwọ́ kó tó fojú kan àkàbà. Mẹ́tàlélógún ló jáde lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ni Àtinúkẹ́, tó ń wa kireni l'Ékòó báyìí. Àtinúkẹ́ sọ fún ẹbí pé bí Bàbá bá ti dé orí òfin kejì, wọn kì í lè wo ojú ẹnikẹ́ni, wọn á ní kí òun bá wọn ka ìyókù.

Bàbá kì í pa ìrun jẹ, àwọn ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ fẹ́ gbé wọn lọ sí Mẹ́kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ń bẹ lọ́rùn àwọn. Gbogbo ènìyàn ń yìn wọ́n pé wọ́n nírẹ̀lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbéra lọ sí Ara láti lọ bẹ Bàbá Ìyàndá, wọn a dé oríta, wọn a ra iṣu, wọn a ṣẹ́rí padà. Àwọn ọmọ jẹ iṣu náà, wọn kò mọ ohun tí àwọn ń jẹ.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, 2025, nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́, wọ́n pe ìyàwó àti ọmọ jọ, wọ́n sì jẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ máa pín. Ẹ má bò ó." Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin.

Àwọn ọmọ kò kọ́kọ́ gbà. Teslim ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìyá dá a lóhùn pé, "Ọwọ́ òsì ni Ìyàndá fi ń júwe ilé baba tiẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́." Nasrullah lọ mú bírò.

Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, Ìyá àti Roqeebah, ọmọ wọn, gbé e lọ sí Ara. Wọ́n bá Bàbá Ìyàndá lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kan pa ẹ̀pà. Ìyá kúnlẹ̀, Roqeebah kà á láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá Ìyàndá pa ẹ̀pà díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Ó ku ibì kan. Ìyá Nasrullah, mo rí yín níbi páànù. Mo rí ọwọ́ yín, èmi náà sì na tèmi. Ibi tí mo nà án sí ni irin ti bá a. Mo sọ fún wọn lọ́sibítù. Wọ́n ní opérétọ̀ ní kò sí." Ìyá ń sunkún. Bàbá Ìyàndá ní, "Ẹ dìde. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ pé mo na ọwọ́." Wọn kò sọ pé àwọn ti dárí jì, ẹnikẹ́ni kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n.

Ẹbí Alápó kọ ọ́, kí gbogbo ayé kà á: Samuel Ìyàndá, ọmọ Ara, na ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi àmì ìdúró hàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Sàídì Àlàó àti Fàtímọ̀ Àdùkẹ́ ló purọ́ mọ́ ọn.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni ìyàwó wọn, Fàtímọ̀ Àdùkẹ́; àwọn ọmọ wọn, Nasrullah, Qúdrát, Teslim àti Roqeebah; ọmọ-ọmọ méje, tí Aqeelah jẹ́ àgbà wọn; àbúrò, ẹ̀gbọ́n, àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́tàlélógún.

A ti fi àga kan sílẹ̀ níwájú fún Bàbá Ìyàndá lọ́jọ́ àdúà yìí. Wọn kò ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé, ẹ jọ̀ọ́, kí àdúà dúró ná, kí gbogbo wa dìde. Ọwọ́ òsì ni wọn yóò nà sí yín. Ẹ fi méjèèjì gbà á.

Sàídì Àlàó, ọmọ Alápó, a ti sọ ọ́ bí ẹ ti ní ká sọ ọ́. Kí Ọlọ́run Ọba foríjì yín. Ẹ máa sùn, Bàbá. Ẹrù ti kúrò lórí ìkọ́.