Kẹ́mísìrì Tí Mo Ní Kí Bùnmi Fi Sílẹ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àmójútó gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá, mo kí Bùnmi àbúrò mi. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé ka lẹ́tà yìí, nítorí àwa ará òkè òkun tó ń ṣe bí mo ti ṣe pọ̀.

Òtútù ibí kò tíì lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà ni mo ṣì ń ṣe. Bí mo bá padà dé yàrá mi, kò sí ẹni tí yóò kí mi kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ rántí ọdún tí Bùnmi wọ kíláàsì àgbà. Ó pè mí, ó ní àwọn tó ń wa góòlù ní Iperindo ti sọ odò wa di ẹrẹ̀, òun sì fẹ́ kọ́ ìmọ̀ àyíká ní yunifásítì kí òun lè mọ ohun tí a lè ṣe sí i. Ó bi mí pé àwọn ẹ̀kọ́ wo ni kí òun mú. Mo ń tẹ́ ibùsùn arúgbó kan lọ́wọ́, ojú ń kán mi. Mo ní kó fi Kẹ́mísìrì sílẹ̀, ó le jù. Gọ́fúmẹ́ǹtì àti Jọ́gíráfì á tó o. Màmá, n kò mọ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ń béèrè fún ìmọ̀ àyíká. N kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ojú ló tì mí láti sọ pé n kò mọ̀.

Tíṣà rẹ̀ wá bá yín nílé, ó ní láìsí Kẹ́mísìrì, ọ̀nà yẹn kò ní í ṣí. Ẹ dá a lóhùn pé ọmọ yín tó wà lókè òkun ti sọ̀rọ̀.

Nígbà tó wá fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n ní èsì rẹ̀ dára, àmọ́ kò sí Kẹ́mísìrì níbẹ̀, wọn kò sì gbà á. Ó pè mí. Kò bú mi. Ó kàn béèrè bóyá mo mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n máa béèrè Kẹ́mísìrì. Mo purọ́ fún un pé òfin ló yí padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún un. Ó wá ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé òun ti ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àfikún Kẹ́mísìrì ní Iléṣà, láàárín àwọn ọmọ tí kò tó òun lọ́jọ́ orí, ó sì ń yé òun. Ó ní ohun tí òun ń dúró dè ni kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo sunkún.

Ẹ bá mi bẹ tíṣà yẹn. Ẹ sì jọ̀ọ́, Màmá, bí Bùnmi bá tún fẹ́ yan ohunkóhun, ẹ má dúró de ẹnu mi mọ́. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè àwa méjèèjì. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnkẹ́