Fódà Mùtàlíbù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣí

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, Mùtàlíbù. Ọ̀kadà tó ń gbé ọ bọ̀ láti Ìbòkun kò gbé ọ délé. A ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Àpìkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ kórìíra ọ̀rọ̀ dídùn, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta! Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Òkè Baálẹ̀ ò tì. Àpìkẹ́, tí kò jókòó ní kíláàsì kọ̀ǹpútà rí, ló ń ṣí i láràárọ̀. Àwọn kóòdù kéékèèké tí o kọ ló ṣì ń lò: èyí tó ń fi orúkọ ọmọ iléèwé sí fọ́tò wọn, èyí tó ń yọ orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò, èyí tó ń kó èsì ìdánwò gbogbo kíláàsì jọ sójú kan. Àwọn olùkọ́ ṣì ń gbé iṣẹ́ wá láti Ìbòkun àti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Mọ́kànlá péré ló kù nínú àwọn kóòdù náà, àwọn tí Àpìkẹ́ fọwọ́ kọ sínú ìwé nígbà tí o ń kọ́ ọ. O máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ló ń fi bírò kọ kóòdù. Ó ní ohun tí ọwọ́ òun ò bá kọ, orí òun ò gbà á gbọ́.

Ó yẹ kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù.

O rántí Ìgbálẹ̀, kóòdù tí o kọ nígbà tí fọ́tò àwọn oníbàárà kún ẹ̀rọ dẹ́nu. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí fún ọdún kan gbáko, á pa á rẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan ló ń gbálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́. Fódà rẹ sì wà lórí ẹ̀rọ kan náà: kóòdù tó lé ní ọgọ́ta, pẹ̀lú ohùn rẹ tí o gbà sílẹ̀ láti ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan fún Àpìkẹ́. Fóònù rẹ ti fọ́ lójú títì. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ kù sí.

Nílé wa, àgbà kì í débi sàréè ọmọdé. A ò jẹ́ kí Àpìkẹ́ mọ ibi tí a sin ọ́ sí. Òun náà wá sọ fódà yẹn di sàréè. Á rí orúkọ rẹ lójú ẹ̀rọ, á gbójú kúrò. Ó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ gbogbo oníbàárà bí o ṣe kọ́ ọ, kò ṣe tìrẹ, torí kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó di oṣù kẹtàlá, Ìgbálẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ kọ gbá ọ lọ.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Wọn ò rí nǹkan kan. Ó wá fi ìwé rẹ̀ tún mọ́kànlá náà tẹ̀ sínú fódà tuntun tó fi orúkọ rẹ pè.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Humairah ọmọ rẹ nígbà tí o lọ. Ó ti ń kàwé báyìí. Nígbà Iléyá tó kọjá, ó béèrè báwo ni ohùn bàbá òun ṣe rí. A rò pé Àpìkẹ́ á wá irọ́ kan pa fún un.

"Ó wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́ nù."

Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin ṣáà gbọ́ ohùn wọn, Màmá. Kí ni wọ́n máa ń sọ?"

Àpìkẹ́ mú ìwé náà wá. Lókè kóòdù kọ̀ọ̀kan, ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ. Ó ka àkọ́kọ́ fún un: "Àǹtí mi, ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án." Kò lè ka ìkejì. Humairah ló gbà á kà.

Ìgbálẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àpìkẹ́ fi ìlà kan kún un, ìlà àkọ́kọ́ tó kọ láìsí ẹni tó kọ́ ọ: fódà tó bá ń jẹ́ Mùtàlíbù, kí ó fò ó. Síbẹ̀ kò gbára lé e. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni òun àti ọmọ rẹ ń ṣí mọ́kànlá tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ka ohun tí o sọ.

Ó ṣì ń dùn wá, Mùtàlíbù. A fẹ́ràn rẹ. A ò ní jẹ́ kó pé ọdún kan mọ́ kí a tó wò ọ́.