Orin Tí Bàbá Wa Kò Gé

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ, ẹ kú ẹ̀dùn, ẹ kú ìrìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa ní bàbá yìí, kódà lónìí tó ṣòro láti dúpẹ́.

Ọdún 1948 ni a bí olóògbé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, tí í ṣe káfíńtà. Nídìí ọpọ́n ìfọṣọ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orin ìsìn.

Ní 1969, wọ́n jáde ní ilé ìwé àwọn olùkọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ lórin títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní 1975, wọ́n gbé ìyá wa níyàwó, akọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n ń darí.

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni kí wọ́n sọ ewì di orin ohùn mẹ́rin, láìsí dùùrù. Wọ́n ní dùùrù a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọn a ka ewì náà sókè láti ilé ìdáná dé pálọ̀ títí wọn yóò fi mọ ibi tí èémí ti ń tán. Ìyá wa ní ọbẹ̀ tí òun ní kí wọ́n bá òun ṣọ́ tó jóná kò lóǹkà. Ẹ-Tún-Un-Kọ ni àwọn akọrin ń pè wọ́n lẹ́yìn.

Ní 1999, àbíkẹ́yìn wọn ọkùnrin kú. Ó kọ ewì kan lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ìlà tó kẹ́yìn ni: "Olúwa, mo pè ọ́, n kò gbọ́ ohùn kankan." Bàbá sọ ọ́ di orin. Ní ìlà yẹn, ohùn mẹ́ta dákẹ́; ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin nìkan ló kù, kò sí ẹni tó gbè é. Ohùn ìyá wa ni wọ́n ní lọ́kàn.

Àwọn alàgbà ìjọ ní kí wọ́n gé ìlà náà, tàbí kí wọ́n fi ìdáhùn Ọlọ́run kún un. Bàbá fèsì pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀yin bàbá, ọmọ mi ò gbọ́ ìdáhùn kó tó lọ. Mi ò lè fi irọ́ sí i lẹ́nu nínú ilé Ọlọ́run." Bàbá dá kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin padà fún wọn. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kò sì pa ìsìn kan jẹ. Ìyá wa kò kọrin mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní 2024, orin yẹn nìkan ni wọ́n ní kí a kọ níbi ìsìnkú àwọn. Àwọn alàgbà kò tíì gbà á láyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ẹ̀bá ibojì ni a ó ti kọ ọ́ lónìí. Ìyá wa ní òun ni yóò kọ ìlà tó kẹ́yìn. A bẹ̀ yín, bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí Àmín.

Wọ́n fi ìyá wa sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ méjì, nọ́ọ̀sì àti télọ̀, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Bàbá wa, ẹ sinmi ní àlàáfíà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Olúwa dá yín lóhùn lọ́jọ́ tí ẹ bá pè é.