Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Kọ sí Ọ̀gá Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tó ń hu eyín. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀. Bí o bá ń béèrè èmi, ara ń ṣe bí ara àgbà: orúnkún mi ti ń ròyìn òjò kí òjò tó ṣú. Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ohùn rẹ gbẹ lórí fóònù lọ́jọ́sí. Má fi iṣẹ́ pa ara rẹ o.

O bi mí lọ́jọ́ náà pé kí ló dé tí àbúrò rẹ kì í gbé fóònù rẹ̀, mo ní ó ń sùn. Kò sùn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí nígbà tí mo ń pa irọ́ yẹn. Mo ní kí n kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, torí bó bá jẹ́ lórí fóònù, ẹkún ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

O mọ̀ pé ẹ̀rọ jó o lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ. Ní ilé ìfọṣọ ńlá tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ó ní ìdérí irin. Bí ìdérí náà bá balẹ̀, ooru tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè se ẹran jinná. Ẹnu Ọ̀nì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Irin ìdènà kan wà níwájú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn wọlé nígbà tí ìdérí bá ń bọ̀. Irin yìí ni ọ̀gá wọn, tí wọ́n sọ ní Kíákíá, ní kí wọ́n tú dànù torí ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò rẹ sọ fún un pé ó léwu. Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ̀rọ kò tíì bù ọ́ jẹ, o ti ń ké." Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tí Ẹnu Ọ̀nì fi pa dé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ìka mẹ́ta ló lẹ̀ mọ́ra wọn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè tú wọn, bí a kò bá jẹ́ kó pẹ́. Wọn kò tíì tú báńdéèjì tí ìwé ìlékúrò fi dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní àìbìkítà òun fúnra rẹ̀ ló jó o, nítorí náà iṣẹ́ bọ́, ìtọ́jú ọwọ́ náà kò sì kàn wọ́n.

Ọmọ mi, níbí ni èmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí bàbá yín bá wà láyé ni, bóyá ì bá dá mi dúró. O mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń wá kiri àdúgbò bí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹni ńlá. Ìwé tí mo kà ní ilé ìwé gírámà kò ṣègbé. Mo mú gègé, n kò sọ fún àbúrò rẹ, mo kọ̀wé sí Kíákíá pé, "Ọ̀gá mi, ọmọ mi jẹ̀bi pátápátá. Àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Ẹ má wo ti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹ fojú àánú wò ó, kó padà sẹ́nu iṣẹ́." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í rojọ́. Bí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ tó tún ń wí pé òun kò jẹ̀bi, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ti di àfojúdi. Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n ní ìwọ lo fọ́ fèrèsé ilé ìwé? Ìwọ kọ́, mo sì mọ̀ pé ìwọ kọ́, síbẹ̀ mo ní, "Ó jẹ̀bi, ẹ forí jì í," wọ́n sì forí jì ọ́. Kíákíá kò tilẹ̀ fèsì.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ kan mú wa lọ sí ọ́fíìsì kan tí àwọn lọ́yà ti ń bá òṣìṣẹ́ gba ẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́. Yàrá tóóró ni, lókè ilé ìtajà bàtà, fáìlì kún ilẹ̀ débi pé à ń gbẹ́sẹ̀ bí adìyẹ tó wọ ẹrẹ̀. Lọ́yà tó gbà wá jẹ́ obìnrin. Ó ní, "Màmá, ẹ má wò mí bí mo ṣe kúrú o, ẹnu mi gùn." Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó wo ọwọ́ náà, òun gan-an kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹjọ́ wa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó gbani síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́, kò lè tú irin dànù kó tún di ẹ̀bi ru ẹni tí ẹ̀rọ jó. Bí a bá jàre, wọn yóò tọ́jú ọwọ́ náà, wọn yóò sì gbà á padà. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ẹ ti kọ ìwé kankan sí wọn?" Àbúrò rẹ ní rárá. Mo wo ilẹ̀. Ojú ń tì mí, mo sì ń sọ ọ́ nínú ara mi pé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìwé, ẹ̀bẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, nínú òṣìṣẹ́ méjì tó ṣèlérí láti jẹ́rìí, ẹ̀rù ba ọ̀kan, kò yọjú. Èkejì sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ìgbà náà ni lọ́yà ilé iṣẹ́ fa bébà kan yọ. Mo ti dá ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ̀ kó tó là á. Ó pè mí síwájú, ó ní, "Màmá, òótọ́ lẹ kọ, àbí irọ́?" Mo ní, "Ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ, sà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó ní, "N kò béèrè ẹ̀bẹ̀." Lọ́yà wa dìde, ó rán wọn létí irin tí wọ́n tú dànù. Adájọ́ fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ọmọ bá sọ nílé ni ìyá ń kọ, àti pé kò sí ìyá tí yóò purọ́ mọ́ ọmọ tirẹ̀. A jẹ̀bi.

Lọ́yà wa kò bú mi. Ó kàn ń to fáìlì rẹ̀, ó ń tún un tò. A padà délé, èmi àti àbúrò rẹ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo bí i. Mo ní, "Ọmọ mi, mo jẹ̀bi." Ó fi ọwọ́ òsì dì mí mú, ó ní, "Màmá, ẹ dìde. Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa èmi náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lèyí, àbí ẹ̀bẹ̀ ni?"

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ọmọ rẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní di ẹkún fún ọ. Ilé rẹ yóò tòrò, ọmọ tó ń hu eyín yóò fi jẹun pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò mọ ohun tí yóò wí mọ́.

Mo tún rántí: Lọ́yà ní ààyè ṣì wà láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì, àbúrò rẹ kò tíì fọwọ́ sí i, n kò sì ní bẹ̀ ẹ́. Pè é. Béèrè ọwọ́ rẹ̀ kí o tó béèrè ẹjọ́. Má sì bá mi bẹ̀ ẹ́ o. Sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ fún un.