Nígbà Tí Omi Gba Ojú Tẹlifíṣọ̀n

Sátidé, Ìgbògbò



Inú fèrèsé kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà ni géèmù ọkọ̀ ojú omi tí mò ń kọ máa ń wà. "Fọ́tò lásán lèyí," ni ìyá mi máa ń wí. Látìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ, wọn ò fojú kan ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ́.

Lónìí mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo kọ ìlà kóòdù kan tó yọ etí fèrèsé náà kúrò, mo kọ òmíràn tó mú un fẹ̀. Lójijì, omi gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá mi ká ìró wọn sókè.

"Rọra wa ọkọ̀ yẹn, ọmọ mi. Ibi tí bàbá ẹ ti ń da àwọ̀n rèé."

Èmi ni mo ya omi yẹn, àmọ́ ibi tí wọ́n rí nínú rẹ̀, n kò dé ibẹ̀ rí.